Ọwọ́ Tí Ọ̀gá Àjàyí Kò Gbé Lé Mi Lórí

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìpotì ló ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ tí wọn ó kọ́ lè rí nǹkan kà. Tísà kan tó ti fẹ̀yìntì ti kọ tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ti kọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan láàrin wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Onífáíbà, ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú omi lẹ ń ṣe lórí òkè yìí?" Òótọ́ ni. Mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, ẹ má bínú sí mi.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi. Iṣẹ́ fáíbà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Fáíbà ni aṣọ funfun kan tí wọ́n fi fọ́nrán dígí ṣe. A ó tẹ́ ẹ, a ó da oògùn kan tí ń jẹ́ résìnì sí i lórí, tó bá gbẹ tán, ó le ju pákó lọ. A fi ń ṣe táńkì omi, a fi ń ṣe àgbá tí wọ́n ń sin ẹja sí, a fi ń tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe, a sì fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n ń san. Ó bọ́ ọmọ, ó rán wọn nílé ìwé, mo dúpẹ́.

Mo ti wọlé ọkọ, mo ti bí ọmọ kan, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ìjurìn ni ọ̀gá mi, Ọ̀gá Àjàyí. Ó ti ṣiṣẹ́ nílé ọkọ̀ kan létí ọ̀sà l'Ékòó, kí bàbá rẹ̀ tó kú tí wọ́n ní kó wá mójú tó oko kòkó nílé. Kòkó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tí ìjọba sé odò tí omi sì fẹ̀ bí pápá, tí àwọn òṣìṣẹ́ láti Adó àti Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá títì ní Aràmọkọ. Ìyá mi gbọ́ pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ, ó ká ọwọ́ lérí. "Fọlákẹ́, ẹja wo ló wà lórí òkè? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ránṣọ, wọ́n ń dirun, ìwọ fẹ́ lọ máa po oògùn!" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Orí kunkun ni mo fi ń dáhùn, kì í ṣe ọgbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, fáíbà wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ti kó sínú wèrèpè rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé omi tútù ni kí n fi wẹ̀. Àmọ́ ọyẹ́ ń mú, mo sì gbé omi gbígbóná. Ha! Mo jó ijó tí kò ní ìlù. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ara tó pọ́n, ó wò mí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Etí tí kò gbọ́ ni ara ń gbọ́ fún. Gbé sáńpépà."

Ó le, ọkùnrin náà le. Iṣẹ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, "uṣẹ́" ni, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. "Uṣẹ́ rẹ rèé?" Tí o bá ti gbọ́ ìyẹn, o mọ̀ pé o ti gbé e. Yóò tẹ̀ sórí ọkọ̀ tí o ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣe, yóò máa fi ìka kàn án, kó, kó, kó, títí yóò fi kan ibi tí ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ti há sábẹ́ fáíbà níbẹ̀ nìyẹn, ó lè má ju ẹ̀pà lọ. Yóò ní kí o gé e kúrò kí o tún un ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ kan lórí irú rẹ̀. Ó na ike sí mi, ó ní, "Omijé kì í lẹ fáíbà. Bu résìnì."

Síbẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ń ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e sẹ́yìn alùpùpù lọ sílé. Ó máa ń pè mí ní "Ìyàwó" torí pé èmi nìkan ló ti relé ọkọ nínú wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn níbí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú kò ní jọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní káyàkì ló sọ wá di olókìkí. Ó tín-ín-rín, ó gùn, ẹnì kan ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi pẹja, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀, níbo ni yóò gbé ọ̀pá ìwọ̀ sí? A ó lu ihò sára ọkọ̀, a ó ki ife kan bọ inú ihò náà, ọ̀pá yóò dúró sínú ife. Ẹ ó rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Àwa ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A ó kọ́kọ́ lu ihò kékeré, a ó máa fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ò ní tẹ díríìlì mọ́ ọn, torí fáíbà á sán tí o bá fi agbára mú un. A ó fi pátákó pẹlẹbẹ há a nínú kí bóòtù tí a fi so ife mọ́ ọkọ̀ lè ríbi dì mú. A ó gé túùbù táyà sábẹ́ ife kí omi má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà, a ó bu omi kún inú ọkọ̀, a ó lọ jẹun. Bí a bá dé tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbẹ, ọ̀gá yóò mi orí.

Àmọ́ òfin kan wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ọ̀gá Àjàyí kì í lu ihò kankan títí ẹni tó ni ọkọ̀ yóò fi wá jókòó sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yóò fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, yóò ní kó dijú. "Na ọwọ́ sẹ́yìn. Má yí ìbàdí. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti sinmi, ibẹ̀ ni ihò wà." Ó ní a kì í wọn èjìká ẹlòmíì rán ẹ̀wù ẹni. Àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n a máa na ọrùn láti wo àgbàlagbà tó dijú sínú ọkọ̀ ojú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọn a máa fi wá ṣẹ̀sín, a ò sì bìkítà.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi fẹ́ parí ni Bàbá Hẹ́dímásítà ra káyàkì. Ó ti fẹ̀yìntì nígbà náà, ẹja pípa ló fi ń gbádùn ara. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀gá mi ni, àna pàtàkì nìyẹn. Ènìyàn kúkúrú ni, ó sanra, apá rẹ̀ kò gùn. Ọjọ́ ọjà ló gbé ọkọ̀ náà wá kí a bá a fi ife ọ̀pá sí i. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó sínú rẹ̀ díẹ̀ kí a tó lu ihò."

Bàbá wo títì lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. "Èmi? Kí n jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi nínú eruku Aràmọkọ? Àjàyí, ìdajì àwọn tó ń kọjá yìí, èmi ni mo nà wọ́n nílé ìwé. Kí wọ́n wá rí mi kí n máa wakọ̀ lórí ilẹ̀?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan òun náà.

"Kò ní pẹ́, sà."

"Màá rán Sámù sí ọ. Kó bá mi jókòó." Ọ̀rọ̀ parí.

Sámù ni àbúrò rẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìbẹ́pẹ. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ń fi àjẹ̀ wa eruku, ó ń kọrin, àwọn tó ń kọjá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó na apá rẹ̀ gbọọrọ yẹn sẹ́yìn, ó jìnnà réré. Èmi ni mo di orí ọkọ̀ mú. Mo ní, "Ọ̀gá, apá Bàbá kò lè dé ibẹ̀ o."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n."

"Fọlákẹ́, àna mi ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ti fún mi lésì. Ṣé kí n wá fi okùn fà á wá ni? Di ọkọ̀ mú."

Mo di ọkọ̀ mú. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ṣe nílé àna nílẹ̀ Èkìtì kò ní bá ọ̀gá mi wíjọ́. Ọmọ jòjòló ilé àna, ìdọ̀bálẹ̀ ni a fi ń kí i, áńbèlètàsé ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Àgbà ti rán aṣojú, o fẹ́ sọ pé aṣojú kò tó? Ó lu ihò náà síbi tí ọwọ́ Sámù sinmi sí. Iṣẹ́ náà mọ́, omi kò jò.

Bàbá Hẹ́dímásítà gbádùn ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó tilẹ̀ gbé epìyà wá fún wa, ó ní, "Àjàyí, o káre." Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kan, atẹ́gùn wà lójú omi, ẹja ńlá fa ọ̀pá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà létí omi ló ròyìn fún wa. Wọ́n ní ó na ọwọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó tún na ọwọ́. Ó wá yí gbogbo ara rẹ̀ sẹ́yìn láti mú un, ọkọ̀ sì dojú dé. Bàtà òjò ńlá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó tu ọkọ̀ mìíràn dé ibẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn ẹbí kò bá ọ̀gá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá a jà. Wọ́n ní àkókò Bàbá ló tó, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni. Nígbà tí a lọ sétí omi lọ gbé káyàkì náà, ọ̀gá mi kò gbé e. Ó bọ́ sínú rẹ̀ lórí iyanrìn, níṣojú gbogbo ayé, ó dijú, ó ká èjìká rẹ̀ kò, ó ń na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni kúkúrú. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ife yẹn. Ó jókòó síbẹ̀ títí tí ẹnì kan fi lọ mú un dìde.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ sì ni fírídọ̀ọ̀mù mi ti súnmọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní, bóyá ẹ ò mọ bó ti rí. Ọjọ́ tí o bá parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìwọ yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ yóò gbé ọwọ́ lé ọ lórí, yóò súre fún ọ pé, "Ọwọ́ tí mo fi ṣe é tó dáa, ó ti di tìrẹ." Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò gbé ọwọ́ lé lórí, iṣẹ́ tó mọ̀, bí ẹni pé ó jí i ni. Ìyá mi ti ra aṣọ, ó ti pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A lọ bá ọ̀gá nílé rẹ̀ ní Ìjurìn, ìyá mi àti èmi. A kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ aṣọ tó dà bora, bí ẹni òtútù ń mú. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò ní ọwọ́ tí mo lè gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹ mú un máa lọ."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣàánú wa, Ọ̀gá. Ṣé kí ọmọ mi ṣe wàhálà gbé ni?"

Ọkùnrin náà ń mi orí ṣáá. Ìbínú gùn mí. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ fi Sámù wọn ọkọ̀ Bàbá ni? Ṣebí mo sọ fún yín! Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n lọ bẹ̀ wọ́n!"

Màmá, ìyàwó ọ̀gá, ń gbé omi bọ̀ fún wa lórí tíréè. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni rí ewu yẹn kó tó dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan náà, ló kú. Ó rọra gbé tíréè náà kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ọ̀gá mi ní, "Òótọ́ lo sọ, Ìyàwó." Ẹyin lohùn, àbí? Mo fọ́ ọ sílẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo bá tèmi lọ.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìpotì. Táńkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì dé. Tí wọ́n bá bi mí pé ta ló fún mi ní fírídọ̀ọ̀mù, màá ní Ọ̀gá Àjàyí ni, màá sì yára dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Mo kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú mi, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sáré parí àdúrà náà. Kí ni mò ń fún un gan-an? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún mi.

Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ti tó ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Kò jókòó. Ó ní, "Fọlákẹ́, ọ̀gá rẹ ní kó o wá." Mo ní, "Mò ń bọ̀, mà." Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni ọkàn mi kan ní, ẹni tó lé mi jáde ni yóò wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo ní ó di Àjíǹde. Àjíǹde dé, mo ní ó di Kérésì. Nígbà tó yá, ìbínú ti tán, ìtìjú ló kù. Nígbà tí n ó sì fi mú ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ní ọmọ wọn ti kó wọn lọ sí Ìlọrin.

Iṣẹ́ ń yí padà, èmi náà ń yí tẹ̀ lé e. Díríìlì ọwọ́ tí à ń yí ni mo fi kọ́ṣẹ́. Èyí tó ń lo iná dé, a ń fi jẹnẹrétọ̀ tàn án. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń lo bátìrì, tí ọmọdé lè fi lu ihò. Gọ́ọ̀mù inú ike gba iṣẹ́ túùbù táyà. Wọ́n tún kó ohun ìbomú dé, ó ti pẹ́ jù fún mi, résìnì ti ba imú mi jẹ́. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo ń sè lónìí, ojú ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti jinná. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bo imú yín.

Níkẹyìn ni káyàkì oníke dé láti òkèèrè. Wọ́n ti lu ihò sí i láti ilé iṣẹ́, wọ́n ti fi ife ọ̀pá sí i, fún ẹni tí wọn ò rí rí. Ẹnikẹ́ni lè rà á lónìí kó gun omi lọ́la. Àwọn táńkì oníke náà sì wà níbi gbogbo. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nígbà náà. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbin ẹ̀gẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Adó gbé káyàkì fáíbà àtijọ́ wá sílé mi. Ó ti wá ẹni tó lè fi ife ọ̀pá sí i, kò rí. Mo ní mo ti fẹ̀yìntì, ó bẹ̀ mí títí mo fi gbà. Mo gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé, mo ní kó jókòó sínú rẹ̀, kó dijú.

"Ìyá, àwọn èèyàn ń wò mí o."

"Kí wọ́n máa wò ọ́. Dijú. Na ọwọ́ sẹ́yìn, má yí ìbàdí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sinmi. Mo fi ẹfun sàmì síbẹ̀. Bí mo ti fẹ́ gbé orí sókè, omi ti kún mi lójú.

"Ìyá, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

"Rárá, ọmọ mi. O jókòó. O ṣeun."

Mo bá a ṣe é parí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti dá ọ̀gá mi padà sí Ìjurìn, pé ara ti di ara àgbà. Mi ò dúró de Àjíǹde mọ́. Mo gun ọ̀kadà.

Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn jì mí. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Ó ti pẹ́. Wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ èèyàn mọ́ o."

Ọ̀gá mi jókòó sórí àga lọ́ọ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, kò fi aṣọ bò ó mọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, sà. Fọlákẹ́ ni. Fọlákẹ́ ará Ìpotì, ọmọ iṣẹ́ yín."

Ojú rẹ̀ tàn. "Fọlákẹ́! Níbo ni ẹ ti rí i? Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀gá mi ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. "Èmi rèé, sà. Ìyàwó."

Ó wo irun funfun orí mi, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni fẹ́ fọ̀wọ̀ wọ àgbà. "Rárá o, ìyá. Ọmọdé ni Fọlákẹ́. Ọmọ kan péré ló tíì bí. Orí rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ uṣẹ́ rẹ̀ dáa. Mo jẹ ẹ́ ní àdúrà kan. Mo ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ń bọ̀."

Mo súnmọ́ ọn, mo tẹ orí mi ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Mo rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fẹ́ gbé e lé orí mi. Ó fà á padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, ìyá," ó ní. "Tirẹ̀ ni ọwọ́ yìí, mo fi pamọ́ fún un. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un kó yára, torí mo ti darúgbó."

Mo ní, "Màá sọ fún un, sà."